Láptọ́ọ̀pù Àlòkù Tó Wà Nílé Yín, Ẹ Má Sọ Ọ́ Nù

 

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló fẹ́ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọ́n rò pé àfi tí wọ́n bá lówó ẹ̀rọ tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà nílò kọ̀ǹpáílà. Ògbufọ̀ ni: ohun tí ọmọ bá kọ, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ọ̀kan ń jẹ́ GCC. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1987. Ọ̀fẹ́ ni. Òfin rẹ̀ gbà ká dà á kọ, ká sì pín in. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olè.

Linux, tí wọ́n ṣe kó jọ Unix, la máa fi gbé e. Láptọ́ọ̀pù tó ń wọ́ bí ìgbín lórí Windows, tó bá ṣáà ti ní RAM 2 GB, á gbé Debian, tó jẹ́ ẹ̀yà Linux kan.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín síbòmíì o, torí gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ máa pa rẹ́. Kí ẹnì kan gba Debian sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi Rufus gbé e sórí flash. Flash kan yẹn á tó ilé mẹ́wàá. Tó bá béèrè password root, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Tó bá parí, ẹ tan hotspot fóònù yín, ẹ ṣí terminal, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí:

sudo apt install build-essential

Ó tán. Tí ọmọ bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú isiro.c, á tẹ̀:

gcc isiro.c -o isiro
./isiro

Láti ìgbà náà lọ, kò nílò dátà kó tó lè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò ju méjì lọ. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, kẹ́ ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ò lò mọ́ ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì mọ iṣẹ́ yìí, tẹ́ ẹ bá wálé ọdún, ẹ jókòó ti ọmọ mẹ́ta péré. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o.