Rọ́bà Inú Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí àìsàn bá le koko, àwọn oníṣègùn a máa ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ iṣan ńlá ní ọrùn, ní ìsàlẹ̀ èjìká tàbí ní itan, kí oògùn àti oúnjẹ lè ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Rọ́bà yìí ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọlé ni kòkòrò àrùn pẹ̀lú lè gbà. Kòkòrò náà a lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà, a sì fi ìbora kan tí ń yọ̀ bí ewédú bo ara rẹ̀, tí oògùn kì í fi ràn án bí ó ti yẹ. Ara aláìsàn a gbóná, a máa gbọ̀n. Ó sì lè kú.

Kí wọ́n tó fún un ní oògùn, wọ́n a gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan láti inú rọ́bà, èkejì láti apá. Bí kòkòrò inú ti rọ́bà bá fi wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ti apá hàn, rọ́bà ni ọ̀daràn. Ẹni tí ó wà létí ikú kì í dúró de èsì: vancomycin wà lára oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí èsì bá dé, wọ́n a yí i padà sí oògùn tí ó bá kòkòrò náà mu gan-an. Bí ó bá jẹ́ Staphylococcus aureus, wọ́n a yọ rọ́bà náà, ìtọ́jú kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 14.

Kí ọ̀ràn má tilẹ̀ débẹ̀ ni ó sàn jù. Ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, Dókítà Peter Pronovost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà 5 kalẹ̀: kí dókítà fọ ọwọ́, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ bo aláìsàn láti orí dé ẹsẹ̀, kí wọ́n fi chlorhexidine nu awọ ara, kí wọ́n yẹra fún iṣan itan, kí wọ́n sì yọ rọ́bà tí kò wúlò mọ́. Wọ́n tún fún nọ́ọ̀sì láṣẹ láti dá dókítà tí ó bá fo ọ̀kan dúró, ohun tí kò rọrùn fún àwọn àgbà oníṣègùn láti gbà! Ìròyìn wọn ti ọdún 2006, láti yàrá ìtọ́jú 103, fi hàn pé àrùn yìí, tí ó jẹ́ 7.7 nínú 1,000 ọjọ́ tí rọ́bà fi wà lára aláìsàn, wálẹ̀ sí 1.4 láàárín oṣù 18.

Ẹbí tí ó bá lọ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rọ́bà náà. Ó sì lè bi nọ́ọ̀sì léèrè lójoojúmọ́ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í síbẹ̀.