Ẹni tí Ààjà Gbé Lọ: Ẹgbẹ́ Akọni, Iwin Agbọ́mọ àti Ọmọ tó Padà Wálé

Gbọ́mọgbọ́mọ ni Yorùbá ń pe ẹni tó ń jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Orúkọ náà ti dà bí igbe: bí ẹnìkan bá lọgun rẹ̀ láàárín ọjà, kíá ni ìyá kálukú yóò fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kí ọ̀rọ̀ náà tó di ti ènìyàn tó ní mọ́tò àti ìbọn, iwin, ẹbọra àti ẹ̀mí inú igi ni àlọ́ máa ń ka ẹ̀sùn ọmọ gbígbé sí lọ́rùn. Àwọn tó sì ń lọ gba ọmọ náà padà ni ọdẹ, oníṣègùn, olórin, tàbí ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá bá ìṣòro náà mu. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó so táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ọrùn ní Mgbuoba, ní ilẹ̀ Ikwerre, tó ń bẹ́ láti orí àga sórí bẹ́ẹ̀dì, Superman ló rò pé òun ń ṣe. Kò jẹ̀bi, ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi hàn án ni. Ṣùgbọ́n irú ìtàn yẹn ti wà nílé tipẹ́, ọ̀nà tó sì ń gbà tú ẹni tí a gbé sílẹ̀ ní àbùdá tirẹ̀. Nínú ìtàn ilé, agbára nìkan kì í ṣe é. Ẹni tó ti dé ilé iwin rí, tó mọ ohun tí iwin ń jẹ àti ohun tó ń sá fún, òun ni wọ́n máa ń wá kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀.

Àlọ́ Olúrónbí ṣe é fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ẹ̀jẹ́ tí obìnrin náà jẹ́ fún Ìrókò: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí ẹran ọ̀sìn, òun ṣèlérí ọmọ tí òun yóò bí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yanjú nínú ẹ̀dà tí M. I. Ogumefu tẹ̀ jáde ní 1929 ni ọ̀pọ̀ kò rántí. Níbẹ̀, Olúrónbí fúnra rẹ̀ ni ẹ̀mí inú Ìrókò mú, tó sọ di ẹyẹ. Ọkọ rẹ̀ kò gbé àáké lọ sídìí igi, kò sì kó ọmọ ogun jọ. Agbẹ́gilére ni. Ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ó gbẹ́ ère ọmọ kan, ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó gbé e lọ fún Ìrókò. Inú ẹ̀mí náà dùn, ó gba ère ní ọmọ, ó sì tú obìnrin náà sílẹ̀. Igi ni ó fi tan igi.

Ìwé tó kó irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, èyí tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tẹ̀ jáde ní 1938. Ọmọ tí a jí gbé kọ́ ni wọ́n ń wá lọ nínú ìwé náà; ọba ló rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó láti mú ohun tí yóò fi kún àlàáfíà ìlú bọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí ìtàn ẹgbẹ́ akọni nílò ló wà níbẹ̀: igbó tó kún fún iwin, Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún tó dé fìlà irin, àti ọkùnrin méje tí ẹ̀bùn ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Àkàrà-ògùn ni aṣáájú. Kàkò ló ni kùmọ̀. Èfọ̀ìyẹ̀ ni tafàtafà. Bí Olóhùn-iyọ̀ bá la ẹnu, kò sí ẹni tí kò ní dúró gbọ́. Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Ìmọ̀dóyè sì ni ọlọ́gbọ́n wọn. Èyí tó ṣàjèjì jù ni Àràmàǹdà-òkùnrin, tí òtútù máa ń mú nígbà tí ara gbogbo ayé ń gbóná, tí ooru sì máa ń mú nígbà tí àwọn yòókù ń gbọ̀n.

Ohun kan wà nípa àwọn méje yìí tí àwọn tó ń ka ìwé náà nítorí adùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbójú fò. Mẹ́ta nínú wọn ni ọmọ tó sọnù. Ìdí igi ni wọ́n gbé Kàkò jù sí ní ìkókó, ọdẹ ló rí i he, orúkọ igi náà sì ni orúkọ rẹ̀. Ojú mẹ́ta ni Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbé wáyé, ọ̀kan wà nípàkọ́. Ẹ̀rù ba àwọn tó bí i, wọ́n jù ú sígbó, àwọn ẹranko tí a fi sọ ọ́ lórúkọ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ìmọ̀dóyè ní tirẹ̀, Ààjà, ẹ̀mí inú ìjì, ló gbé e. Ọdún méje ló fi wà lọ́dọ̀ Ààjà, ataare kan ni oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́. Ẹni tó bá ti jẹ ataare láìmu omi rí yóò mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ tó le ni. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ẹni tí Ààjà bá gbé wọgbó tó sì bọ̀, ó ti kọ́ ewé àti egbò bọ̀. Òun ni ìlú ń sá tọ̀ nígbà àìsàn. Nítorí náà, nígbà tí Fágúnwà ń wá ẹni tí yóò kojú àwọn iwin, kò wá a lọ sí ààfin. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí iwin àti igbó ti gbà mọ́wọ́ rí ló lọ.

Ọdún kan náà, 1938, ni Superman kọ́kọ́ jáde nínú Action Comics ní Amẹ́ríkà. Kò sí ohun tó fi hàn pé ìwé kan gbọ́ nípa èkejì. Ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó sọnù ni Superman náà, ìkókó tí àwọn òbí rẹ̀ fi sínú ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ayé tiwọn ń fọ́. Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni pé agbára Superman, àbímọ́ ni. Ti Ìmọ̀dóyè, ìyà ló kọ́ ọ. Superman sì ń dá ṣe é. Ọdún 1940 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó kó akọni wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan nínú All Star Comics, nígbà tí àwọn méje Fágúnwà ti lọ sí Láńgbòdó tí wọ́n sì ti dé. Akọni méje náà ni Justice League ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960.

Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ tún tọ́ sí mímẹ́nu bà. Àwọn tó mọ Superman mọ̀ pé òkúta kan wà tó ń gba agbára lára rẹ̀. Ètò orí rédíò ti 1943 ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Kò sí ọdẹ Yorùbá tí èyí yóò yà lẹ́nu. Ẹni tó ní egbé tó ń gbé e kúrò lójú ewu, tó ní àfẹ́ẹ̀rí tí ojú kì í fi í rí i, tó ní òkígbẹ́ tí àdá kì í ràn án, gbogbo rẹ̀ ló ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀tá tó bá ti gbọ́ èèwọ̀ akọni kò nílò láti lágbára jù ú lọ.

Ìmọ̀ àṣírí yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ ìtàn Mọ́remí ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn kan a máa jáde láti inú igbó, wọn a kó ènìyàn lọ, àwọn ará Ifẹ̀ kò sì lè bá wọn jà nítorí pé ara wọn kò jọ ti ènìyàn. Ará ọ̀run ni gbogbo ìlú pè wọ́n. Mọ́remí lọ sí odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó sì dúró kí wọ́n mú òun. Nígbèkùn ló ti rí i pé ewé àti koríko gbígbẹ ni wọ́n ń wọ̀ bo ara. Ó sá padà wálé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré kan: ẹ tanná ran ògùṣọ̀. Nígbà tí àwọn ará ọ̀run tún dé, iná ràn mọ́ wọn lára bí ó ti ń ràn mọ́ òrùlé bẹẹrẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì jáde lábẹ́ koríko. Ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, Olúorogbo, ni Mọ́remí fi san ẹ̀jẹ́ náà. Ìtàn tó gba ọmọ gbogbo ìlú sílẹ̀ náà ló gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó gbà wọ́n, àwọn onítàn kò sì fi ṣúgà bò ó. Ọdún Ẹdì ni Ifẹ̀ fi ń rántí rẹ̀, wọ́n sì yá ère rẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 ní 2016.

Ilẹ̀ Ikwerre ní ìtàn tó bá ti Ifẹ̀ tan. Mgbuoba wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, lójú ọ̀nà tí a ń pè ní NTA Road. Bí ọkọ̀ bá ń gba ọ̀nà náà lọ sí Ozuoba dé Choba, ìlú tó kù níwájú ni Aluu, níbi tí wọ́n bí Elechi Amadi sí ní 1934. Ìwé rẹ̀ The Great Ponds, tó jáde ní 1969, dá lórí abúlé méjì, Chiolu àti Aliakoro, tí wọ́n ń du adágún ẹja kan tó ń jẹ́ Wagaba. Ìjà adágún di ìjà ènìyàn jíjí. Àwọn ará Aliakoro jí àwọn obìnrin Chiolu gbé, lára wọn ni Oda, aboyún, ìyàwó jagunjagun Olumba, àti Chisa, ọmọbìnrin olórí abúlé. Olumba sì ti fi Ogbunabali, òòṣà òru, búra: tó bá kú láàárín oṣù mẹ́fà, adágún bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà lọ, òkùnkùn gan-an di ọ̀tá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wá kọlù ú níkẹyìn kì í ṣe òòṣà òru. Wago ni, ọdẹ ẹkùn láti Aliakoro, tó gbé awọ ẹkùn wọ̀. Koríko ni wọ́n wọ̀ ní Ifẹ̀, awọ ẹkùn ni ti Aliakoro. Amadi kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jàǹfààní: Wago para rẹ̀ sínú adágún náà, kò sì sí abúlé tó lè pẹja níbẹ̀ mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn 1918 sì gba gbogbo ilẹ̀ náà kan. Ẹgbẹ́ akọni tirẹ̀ kò borí, èyí sì wà lára ohun tó mú ìwé náà dàgbà ju ìtàn akọni lásán lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn ajínigbé wọ ilé Amadi fúnra rẹ̀ ní Aluu, wọ́n gbé e lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni nígbà náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tú u sílẹ̀. Ogójì ọdún ló wà láàárín ìwé tó kọ nípa ènìyàn jíjí àti òru tí wọ́n jí òun náà gbé.

Àwọn ajínigbé tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ní Chibok ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 wọ aṣọ sójà, wọ́n ní ààbò làwọn wá ṣe. Ọmọ 276 ni wọ́n kó. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú wọn tú ara wọn sílẹ̀: àwọn kan bẹ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù sínú òkùnkùn, wọ́n sá gba inú igbó padà sílé. Mọ́kànlélógún gba ìtúsílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, méjìlélọ́gọ́rin sì tẹ̀ lé wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ìdúnàádúrà ló tú àwọn wọ̀nyí sílẹ̀. Nínú gbogbo iye yìí, àwọn tó kọ́kọ́ dé ilé kò dúró de akọni kankan.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fà gbé ẹgbẹ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n sì gba ọdẹ sínú rẹ̀ nítorí pé ọdẹ mọ igbó. Ẹ̀yà ẹkùn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Awọ tí Wago fi dẹ́rù ba Olumba ti di orúkọ àwọn tó ń lépa ajínigbé.

Àwọn ayàwòrán ìsinsìnyí ń bá ìtàn náà lọ. Roye Okupe kọ Iyanu, ìtàn aláwòrán tí Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 2021, tó sì di eré àwòrán orí Cartoon Network ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọmọ òrukàn ni Iyanu. Kò mọ ẹbí tó bí i. Biyi àti Toye ló bá a rìn, wọ́n sì ń kojú àwọn ẹranko tí ohun búburú ti bà jẹ́. Fágúnwà yóò dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ lójú kan.

Eré àwòrán Iwájú tilẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ju Iyanu lọ. Ilé iṣẹ́ Kugali, tí Tolu Olowofoyeku, Hamid Ibrahim àti Fikayo Adeola dá sílẹ̀, ló bá Disney ṣe é, ó sì jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024. Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n yà, níbi tí mọ́tò ti ń fò. Bode, ọ̀daràn inú eré náà, kò gbé inú igi, kò sì wọ koríko. Ọmọ olówó ló ń jí gbé láti gba owó ìtúsílẹ̀. Tola ni ọmọ olówó tí Bode dójú lé, Kole ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ tálákà tó mọ kọ̀ǹpútà dọ́ba. Ẹnì kẹta wọn ni Otin, ẹ̀rọ tí bàbá Tola ṣe fún un láti máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá wo Otin dáadáa yóò rí i pé aláǹgbá ni wọ́n fi ṣe àwòkọ rẹ̀, irú èyí tí orí rẹ̀ pupa, tó máa ń mi orí sókè-sódò lórí ògiri lọ́sàn-án gangan, ní Èkó bí ó ti ń mì í ní Mgbuoba.