Owó Ìlú àti Ọ̀nà Mẹ́kà

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè má dùn mọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ owó ìlú tí wọ́n ń ná lórí hájì ni. Wọ́n máa ń bi wá nídìí tàfúsíírì pé, "Àfáà, bí ìjọba bá bá mi san nínú owó hájì, ṣé hájì mi gbà?" Ẹni tó bá ṣe é bó ti yẹ, ọ̀ranyàn ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀, gbígbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bi wá ni pé, ṣé ó tọ́ kí ìjọba san án? Òun ni màá dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2024. Àjọ tó ń bójú tó hájì ní Nàìjíríà ti kọ́kọ́ bu nǹkan bíi náírà mílíọ̀nù 4.9 fún wa ní apá Gúúsù. Inú Ràmàdáànì ọdún náà gan-an, ní oṣù kẹta, ni wọ́n ní ká tún fi mílíọ̀nù 1.9 lé e, nítorí náírà ti já wálẹ̀ sí dọ́là. A sì tún gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ fi náírà bílíọ̀nù 90 ran ètò náà lọ́wọ́. Bílíọ̀nù àádọ́rùn-ún! Oṣù keje ọdún kan náà ni wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di náírà 70,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó yẹn tó san owó oṣù kan fún òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,200,000.

Súúrà Áálì Imrán tó sọ hájì di ọ̀ranyàn, ibẹ̀ náà ni Ọlọ́hun ti fi agbára ṣe májẹ̀mú rẹ̀. Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé agbára yìí: ara líle, ọ̀nà tí kò léwu, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, àti ohun tí ará ilé ẹni yóò máa jẹ títí a ó fi dé. Ẹni tí kò ní, kò jẹ gbèsè. Ọlọ́hun kò di ẹrù yìí lé tálákà lórí. Kí ló wá dé tí ìjọba ń sáré wá bá a gbé ẹrù tí kò sí lórí rẹ̀?

Àti pé, ẹni tó lè kó mílíọ̀nù mẹ́fà jọ kì í ṣe tálákà. Tálákà ni ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ. Tálákà ni tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tí kò tíì rí owó rẹ̀ gbà. Dírẹ́bà tó ń ra epo ní nǹkan bíi náírà 190 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, tó sì rí i kó fò kọjá 480 kí oṣù náà tó parí, òun náà ńkọ́? Wọ́n ní owó ìrànwọ́ epo kò sí mọ́. Ti ọkọ̀ òfúrufú wá wà. Nínú owó yìí sì ni ti kìrìsìtẹ́nì wà, ti oníṣẹ̀ṣe náà wà níbẹ̀. Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n fi owó wa gbé èèyàn lọ Jerúsálẹ́mù, a ò gbọdọ̀ fi tiwọn lọ Mẹ́kà.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Àfáà, àwọn olóṣèlú ń kó owó lọ, ìwọ̀nba tó kan mùsùlùmí lẹ rí." Òótọ́ ni pé wọ́n ń kó o. Ṣùgbọ́n bí olè bá wọ ilé bàbá wa, ṣé àwa náà ó wá gbé ìkòkò tiwa sá lọ ni? Àwíjàre kan wà tó wúwo ju ìyẹn lọ: ti àwọn tó ti ń dá owó jọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tí náírà wá já mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn kọ́ ló ba náírà jẹ́. Bí ìjọba bá ràn wọ́n lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní pariwo. Kí ìjọba ṣètò dókítà fún àwọn onihájì, kí ó bá wọn dúnàádúrà ilé ní Mẹ́kà, kí ó mú àwọn tó ń jẹ owó arúgbó, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èyí tí n kò gbà ni kí ó di àṣà, àgàgà fún àwọn tí wọ́n ń kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé wọ́n ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ òṣèlú, títí kan àwa àfáà. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa àfáà! Ẹni tí gómìnà bá gbé lọ Mẹ́kà, ẹnu rẹ̀ á wúwo lórí mínbárì.

Wọ́n ròyìn nípa Umar ọmọ Abdul-Azeez, tó jẹ́ káálífà láti ọdún 717 sí 720, pé àtùpà ìlú ló fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú lóru. Bí àlejò bá bá a dé orí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, yóò pa á, yóò tan tirẹ̀. Epo àtùpà lásán o. Lónìí, mọ́tò ìjọba ló ń gbé ìyàwó lọ síbi nìkáà.

Ká má tilẹ̀ wo ìjọba nìkan. Nínú mọ́sálásí wa ńkọ́? A ń so iná olówó iyebíye mọ́ àjà, omi àlùwàlá kò sí, àwọn ìyá wa ń gbé kẹ́tùlù láti ilé. Ta ló ń ka ìṣirò owó jímọ̀ sí etígbọ̀ọ́ ìjọ? Níbi tí mo ti ń kírun, a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lóṣooṣù: iye tó wọlé, iye tí a fi ra epo jẹnẹrétọ̀, iye tí a fún ládàánì. Oṣù àkọ́kọ́, ariwo pọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, owó jímọ̀ ti pọ̀ sí i, torí àwọn èèyàn rí ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin Alhaji tí ẹ ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ ń múra ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀ranyàn, nàfílà ni ìyókù. N kò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n owó hájì ọdún 2025 fún apá Gúúsù lé ní mílíọ̀nù 8.7. Bí ọmọ àbúrò yín bá jókòó sílé nítorí owó WAEC, mo mọ ibi tí èmi ìbá kọ́kọ́ mú owó náà gbà.

Lọ́la, in shā Allāh, a ó sọ̀rọ̀ lórí àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súúrà Tawbah, àti bí a ó ṣe mọ̀ wọ́n ní àdúgbò wa. Ẹni tó ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò. As-salāmu alaykum wa rahmatullāh.