Ẹ Jẹ́ Ká Mú Àwọn Ọ̀dọ́ Wọ Igbó Lẹ́ẹ̀rùn Yìí
Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogboògbò ẹgbẹ́

  Olúọdẹ wa àti gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kí ló kan ọmọbìnrin nínú ọ̀rọ̀ ọdẹ. Ó kàn mí o. Ìmọ̀ nípa ẹranko igbó ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, owó ẹran ọ̀yà sì ni bàbá bàbá mi fi rán bàbá mi níléèwé.

Níbikíbi tí àwọn ọdẹ ìlú wa bá ti péjọ, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ẹni tó kéré jù láàárín wọn ti ní ọmọ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀dọ́ tó bá sì sọ pé òun di ọdẹ nísinsìnyí, iṣẹ́ aṣọ́de ló ń sọ. Láti January 2020 tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà wa ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣíṣọ́ ìlú nìkan ni iṣẹ́ ọdẹ. Mi ò bú iṣẹ́ náà o, ìgbà tí ọkàn wa ò balẹ̀ lóru, àwọn la fi ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù kò tíì kọ́ igbó.

Kí ló wà nínú igbó tí a ní láti kọ́? Ẹ jẹ́ ká mú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ní àsìkò yìí, àwọn odò kéékèèké ti gbẹ, ibi tí omi kù sí kò pọ̀ mọ́. Ẹtu àti ìgalà á wá síbẹ̀, ọdẹ tó mọṣẹ́ á sì ti gẹ̀gùn sórí igi nítòsí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí? Ṣebí apá àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí ọmọ kan bá lọ gun igi tó wà lápá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti gbé òórùn ara rẹ̀ lọ bá ẹran kó tó jókòó dáadáa. Yóò sùn síbẹ̀ di àárọ̀ ni, ẹ̀fọn nìkan ni yóò bá a jẹun. Ewé gbígbẹ tún kún ilẹ̀, ó ń pariwo bíi gúgúrú lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí òṣùpá bá sì mọ́lẹ̀ jù, ẹran kì í fẹ́ jáde sí gbangba. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba ojú ẹsẹ̀ bíi ti ìgbà òjò, nítorí náà koríko ni àgbà ọdẹ ń wò. Ibi tí ọ̀yà bá ti jẹun, á gé igi koríko ní ìdagẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Tí ojú ibi tó gé bá ṣì tutù, ọ̀yà ò jìnnà.

Èyí tó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ìgbà tí a kì í yìnbọn. Iná orí ọdẹ máa ń mú kí ojú ẹran tàn padà lóru. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ajá ń tàn, ti ewúrẹ́ tó sùn sóko ń tàn, ti màlúù náà ń tàn. Ìdí nìyẹn tí àgbà ọdẹ kì í fi í yìnbọn lu ojú. Á dúró títí á fi rí ara ẹran náà gan-an, á sì ti mọ ibi tí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí kó tó jáde nílé. Ẹni tó kọ́ ìbọn nínú fíìmù kò mọ èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ abo ọ̀yà tó lóyún. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀, ó sì lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó pa á kò pa ẹran kan.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, mo mọ ìdí tí mo fi fẹ́ ká débẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ omi di yìnyín lápá àríwá, àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó á fò lọ sí gúúsù. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ á dìde lóru, wọ́n á lọ sápamọ́ sínú koríko létí àbàtà, nínú òtútù tí ọyẹ́ tiwa ò tó nǹkan kan lára rẹ̀. Wọ́n á kó ère pẹ́pẹ́yẹ onígi tàbí onírọ́bà sójú omi, wọ́n á fi fèrè pe àwọn tó ń fò lókè, ajá wọn á sì lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé èyí tó bá jábọ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gùn náà ni wọ́n ń gùn. (Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó kan tiẹ̀ ń ti Yúróòpù sá fún òtútù wá sí Nàìjíríà níhìn-ín, wọ́n ń gbé inú àbàtà Hadejia àti Nguru lókè ọya títí ooru á fi padà sí ọ̀dọ̀ wọn.)

Láti 1934 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ máa ra sítáǹpù lọ́dọọdún, ẹni tó bá ti pé ọdún 16 kò sì lè yẹ̀ ẹ́. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀ àbàtà, tí wọ́n fi ń dáàbò bò ó. Ní 1991, wọ́n fòfin de ọta ìbọn tí wọ́n fi òjé ṣe, torí pé àwọn ẹyẹ ń gbé èyí tó rì sísàlẹ̀ omi mì, ó sì ń pa wọ́n. Gbogbo ìyẹn dára. Àmọ́ ohun tó mú mi lọ́kàn ni pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ máa ń ya ọjọ́ kan tàbí méjì sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọmọ náà lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ kankan lọ́jọ́ yẹn. Kó jókòó ti ọmọ ni. Kó máa kọ́ ọ.

Ẹ̀yin bàbá wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Àwọn kan nínú yín ti sọ fún mi pé awo ni ọdẹ. Mo gbà. Èyí tó bá jẹ́ awo, ẹ fi pamọ́. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà fẹ́ kì í ṣe awo. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ pé ẹ ò rán ọmọ yín ní yunifásítì kó lè di ọdẹ, ẹ fọkàn balẹ̀: nígbà tí yunifásítì fẹ́ mú wa wọ igbó lọ kẹ́kọ̀ọ́, ọdẹ ni wọ́n háyà kó ṣamọ̀nà wa, àwa àti olùkọ́ wa la sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ìjálá náà ńkọ́? Adébóyè Babalọlá kọ ti àwọn kan sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1966, ọpẹ́ ni. Ti ìlú tiwa ò sí nínú ìwé kankan tí mo mọ̀, orí àwọn àgbà ló wà. Bí ọdẹ bá kú, ẹ máa ń ṣípà fún un, ẹ máa ń sun ìrèmọ̀jé. Ta ni yóò sun ún fún ẹni tó bá kẹ́yìn nínú yín?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tiwa náà rèé. Ẹni tó ń da oògùn apakòkòrò sínú odò tàbí sára oúnjẹ láti fi pa ẹran, kì í ṣe ọdẹ, májèlé ló ń tà fún wa lọ́jà. Iná sísun náà, ká sọ òtítọ́, kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ló ń ṣe é. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, iná tí ẹnì kan fi lé ọ̀yà jáde jó oko káṣù ẹni ẹlẹ́ni, a sì jọ ń wojú ara wa títí di òní.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti bá Olúọdẹ sọ nìyí. Láti Sátidé kejì oṣù kìíní títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, àgbà ọdẹ kọ̀ọ̀kan tó bá gbà yóò mú ọ̀dọ́ méjì wọ igbó láàárọ̀, yóò sì mú wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀dọ́ ò ní fọwọ́ kan ìbọn, àgbà náà ò ní yìnbọn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìbọn, ẹni tó bá dàgbà tó, tó sì parí ẹ̀kọ́, la máa bá sọ ọ́. Nírọ̀lẹ́, a ó fi fóònù gba ohùn àwọn tó bá fẹ́ sun ìjálá fún wa. Kí ẹgbẹ́ bá wa gbé owó oúnjẹ àti bẹntiróòlù ọ̀kadà àwọn bàbá. A ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ yín, ẹ fún akọ̀wé ẹ̀ka ọ̀dọ́ kí ọdún tó parí. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ gbé omi dání, ẹ má fín lọ́fínńdà.