Ẹgbẹ́ àti Àlàáfíà Ọkàn Wa
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá, ní Adó-Èkìtì

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí ìmọ̀ àwùjọ àti fìlọ́sọ́fì ṣe ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti gbé ayé ìrọ̀rùn. Òórùn ìrẹsì ti ń ta sí wa nímú láti ẹ̀yìn kánópì, nítorí náà a kò ní pẹ́.

Èkìtì ni wá, a kì í fi ìwé ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ wọlé, kó ní ìmọ̀ àwùjọ tàbí fìlọ́sọ́fì ni òun fẹ́ kà, kí ẹ wá wo ojú bàbá rẹ̀. Dókítà ńkọ́? Lọ́yà ńkọ́? Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé nìkan la máa ń yọ̀ǹda, bóyá nítorí pé ó dárúkọ owó, bóyá nítorí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sam Aluko, ọmọ Òdè-Èkìtì, ti jẹ́ kí a mọ iyì rẹ̀. Àwa tí a wà ní bánkì kò sàn jù: ohun tí a kò bá lè ṣírò, a kì í tètè rí i. Síbẹ̀, àwọn ìmọ̀ tí a ń fojú di yìí ló ṣàlàyé ohun tí ẹgbẹ́ bíi tiwa ń ṣe fún ènìyàn, ju bí àwa fúnra wa ti lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo ti Yunifásítì Ifẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Yúróòpù ṣàlàyé àwùjọ wa, òun yíjú sí ohùn ẹnu àwọn àgbà. Ní 1986, ìwé àtìgbàdégbà kan tí ń jẹ́ International Sociology tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí àsùwàdà: pé ohun gbogbo tí a dá, ní àgbájọ ni a dá a, ènìyàn tó bá dá wà kò sì tíì pé. Ṣáájú ìyẹn, ó ti sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ dáadáa, àjọbí àti àjọgbé. Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1983. Àjọbí ni ìdè ẹ̀jẹ̀. Àjọgbé ni ìdè àwọn tó jọ ń gbé, bí wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn tan. Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà fún un. Ní 1990, nínú ìwé kan náà, Lawuyi àti Taiwo gbé àríyànjiyàn dìde sí i. Ìyẹn náà dára. Àwọn ọ̀mọ̀wé kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú.

Ẹ wá wo ara wa. Nígbà tí bàbá wa ń gbé agbo ilé ní Ìjìgbò tàbí Òkèṣà, bí ó bá pẹ́ jù kó tó jáde láàárọ̀, ẹnìkan yóò kan ilẹ̀kùn. Àwa tòde òní, ẹ̀gbọ́n wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò wa wà ní Àbújá, a kọ́lé sí ọ̀nà Ìwòròkò, a mọ ògiri yí i ká, a sì fi géètì tì í. Ta ni yóò kan géètì? Bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́, a kò mọ ẹni tí yóò jẹ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìtura lásán ni. Ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo dán nǹkan kan wò. Dípò kó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà, ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé. Wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á bá ará abúlé tàkúrọ̀sọ. Oògùn òyìnbó kò kúrò lọ́wọ́ dókítà náà, ṣùgbọ́n ó ka ìbágbé ènìyàn mọ́ ara oògùn. Nígbà tó yá, ó di Igbákejì Olùdarí Àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa wà. Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí èsúsú àwa Yorùbá. A jọ mọ bó ṣe ń lọ: iye kan náà ni gbogbo wa ń dá, a ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èlé. Bánkì yóò béèrè oníduro àti ìwé ilé. Èsúsú kò béèrè ju ọmọ ta ni ọ́ lọ. Ìtìjú ló ń ṣe oníduro níbẹ̀. Ìtìjú kan náà ni àwọn agbowó gbọ̀mú-lé-lántà ń lò, tí wọ́n á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbílékọ láti àárọ̀. Òun náà ni àwọn ayánilówó orí fóònù ń lò, tí wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè. Ìdè tó ń gbé ènìyàn ró náà ni wọ́n fi ń fún un lọ́rùn.

Ọkùnrin tó ti lé lógójì, tó wọ agbádá, yóò wá jókòó níwájú wa. Kò ní béèrè owó. Yóò ní kí a jọ̀ọ́ yí nọ́ńbà tí alẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí padà, nítorí ìyàwó òun máa ń mú fóònù yẹn. Lọ́dún mẹ́wàá, a ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń mọ̀ kó tó la ẹnu.

Ibí ni fìlọ́sọ́fì ti wúlò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Oluwole, ọmọ Ìgbàrá-Òkè, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, kọ ìwé kan ní 2014 tó fi Ọ̀rúnmìlà àti Sócrates wé ara wọn. Ó ní àwọn baba wa náà ronú jinlẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀kan wò: ikú yá ju ẹ̀sín. A ń fi í yangàn. Lójú tiwa, wọ́n sọ ọ́ kí ènìyàn má baà hùwà ìtìjú, kí ó má jalè, kí ó má dalẹ̀. Wọn kò sọ ọ́ fún ẹni tí ọjà kò tà fún, tàbí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òwe mìíràn wà: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn baba fi òwe méjèèjì sílẹ̀ fún wa, wọ́n sì retí pé a ó mọ èyí tó yẹ lásìkò.

Ó kan òfin ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá jẹ owó oṣù mẹ́ta, a máa ń ka orúkọ rẹ̀ sí gbangba ìpàdé. Akápò yóò bínú sí wa, ṣùgbọ́n a ní láti sọ ọ́: ọ̀pọ̀ àwọn tí a ka orúkọ wọn kò san owó náà, wọn kò sì wá mọ́. A pàdánù owó, a tún pàdánù ènìyàn. Àwọn kan yóò ní bí a bá dáwọ́ kíkà dúró, kò sí ẹni tí yóò san. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gba òfò tiwọn.

Àbá wa ti wà lọ́wọ́ Akọ̀wé, yóò sì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí a má ka orúkọ mọ́. Ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé méjì, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì lọ kí i nílé kí oṣù náà tó parí, láìmú ìwé gbèsè dání. Kí a sì ya ìdá kan nínú owó oṣù wa sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọwọ́ bá kan gógó, láìsí èlé, kí Ààrẹ àti Akápò nìkan mọ orúkọ ẹni tó gbà á.

Àwọn kan wà tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí tí àga wọn ṣófo lónìí. A mọ ilé wọn. A ó lọ lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìmọ́tótó. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó wá rí wa nídìí tábìlì Akọ̀wé lẹ́yìn oúnjẹ.