Ojú Egbò Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n: Ọ̀rọ̀ Lórí Ajá Tó Bu Ènìyàn Jẹ Díẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, bí egbò náà ṣe tóbi tó kọ́ ló yẹ ká fi mọ bí ewu dìgbòlugi ṣe tó. Egbò ńlá kì í jẹ́ kí ará ilé jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ọmọ ń ké, kíá ni wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tí eyín kàn họ lásán la máa ń fọwọ́ nù. Ọmọdé tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má bá ajá ṣeré a sì fi í pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà àti Éṣíà. Bí a bá ka mẹ́wàá nínú wọn, bíi mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ajá ló sì ń kó o ran àwa ènìyàn nínú bíi ìṣẹ̀lẹ̀ 99 nínú 100.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àrùn náà ṣe ń rìn. Inú itọ́ ajá ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbà wọlé, ibi tí awọ ti bó díẹ̀ sì tó o. Kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ káàkiri. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ló ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ibi tí eyín bà fi ṣe pàtàkì: ojú àti ọrùn sún mọ́ ọpọlọ, ìka ọwọ́ sì kún fún irú iṣan bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta kí àmì tó yọ. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó ọdún kan. Nígbà náà, egbò ti jinná, onítọ̀hún lè ti gbàgbé ajá ọ̀hún pátápátá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà á, tí ọ̀fun rẹ̀ ń fún bó bá fẹ́ mu ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ìṣègùn lè ṣe mọ́. Ìrìn pẹ̀lẹ́ yìí kan náà ló fún wa láyè láti fi abẹ́rẹ́ dènà rẹ̀ kó tó dé ọpọlọ. Ní oṣù Keje ọdún 1885, Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ní Paris, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ. Ọmọ náà yè.

Bí ajá tó ṣeé ṣe kó ní dìgbòlugi bá lá ara tí kò lójú egbò, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fọ ibẹ̀, ó tán. Bí eyín bá họ awọ tí ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ká fọ̀ ọ́, ká sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láì dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan, tàbí tí itọ́ ajá kan ojú egbò, ipò tó le jù lọ la ti wà, bákan náà pẹ̀lú ẹni tí ajá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ ya. Wọ́n á fún wa ní àjẹsára, wọ́n á sì fi immunoglobulin, ìyẹn èròjà tó ń bá fáírọ́ọ̀sì náà jà lójú ẹsẹ̀, sí ojú egbò, nítorí pé ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ara tó lè fi àjẹsára náà jà.

Àwọn kan á ní: ṣé gbogbo ajá ló ní dìgbòlugi ni? Rárá o. Kódà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ni àrùn náà ń mú. Ibí gan-an ni ẹ̀tàn wà. Ẹni tó fi eérú àti epo pupa sí egbò, tí kò sì kú, á jẹ́rìí pé oògùn òun jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé àrùn kò wọ̀ ọ́ rárá. Àwọn tí kò jẹ́ fún kò sí láyé láti jẹ́rìí. Bí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bá jẹ́ ikú tí kò ní àwòtán, kò yẹ ká máa fi pé ó ṣọ̀wọ́n tu ara wa nínú.

Ẹlòmíràn á ní ara ajá náà dá, olówó rẹ̀ sì ní òun ti fún un lábẹ́rẹ́. Ká béèrè ìwé abẹ́rẹ́ náà, ká sì so ajá mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10. Itọ́ ajá lè ti ní fáírọ́ọ̀sì ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí ó tó ṣàìsàn; ṣùgbọ́n ajá tí itọ́ rẹ̀ ti ní in lọ́jọ́ tó bu ènìyàn jẹ yóò ṣàìsàn tàbí kú kí ọjọ́ 10 náà tó pé. Bó bá pé tí ara rẹ̀ ṣì le, dókítà lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Nítorí náà, ìbínú tó ń mú wa lu irú ajá bẹ́ẹ̀ pa ń pa ẹ̀rí pẹ̀lú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ajá, ó tún burú sí i, torí ẹni tó kun ún ti tọwọ́ bọ itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀. Bí ajá náà bá kú fúnra rẹ̀, dókítà ẹranko ni kí ẹ pè, kí wọ́n lè yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí pé òun ń ṣọ́ ajá fi abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ falẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti owó. Abẹ́rẹ́ náà wọ́n, kì í sì í sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa. Òótọ́ ni, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn wà síbẹ̀: ká fi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, nítorí ọṣẹ ń ba ọ̀rá tó bo fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́. Kò rọ́pò abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dín ohun tó lè wọlé kù. Àwọn dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe tún lè fún ènìyàn ní ìwọ̀n díẹ̀ sínú awọ dípò inú ẹran ara, kí ìgò kan lè tó ju ẹnì kan lọ. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni gbèsè tó kù wà lọ́rùn wọn: bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò bá gba àjẹsára lọ́dọọdún, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà láti ara ajá kan dé ara èkejì, owó abẹ́rẹ́ ajá sì kéré gan-an sí ti ènìyàn. Àwọn àjọ àgbáyé ti fi ọdún 2030 ṣe gbèdéke pé ajá kò ní fi dìgbòlugi pa ènìyàn mọ́. Mo ń bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tó wà níbí pé kí wọ́n fi owó abẹ́rẹ́ ajá sínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.