Ẹ Wọn Ẹrù Kí Ẹ Tó Kan Pẹpẹ Ọmọ Kòkó

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ara, lẹ́bàá Ẹdẹ

 

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ tí a máa ń to ọmọ kòkó sí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Owó ìfẹ̀yìntì kì í tètè dé, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń wá ilẹ̀ éékà kan tàbí méjì sí ẹ̀yìn ìlú, kí ọwọ́ má baà dilẹ̀ lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí a bá da omi síwájú, a ó tẹ ilẹ̀ tútù.

Iṣẹ́ kí a máa tọ́ ọmọ igi kí a tó gbé e lọ sí oko kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní 1887 ni ìjọba Èkó dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Ebute Metta, láti ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ sì ti ń gba ọmọ kòkó àti ti kọfí. Láti 1964 ni iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ti wà ní Ìbàdàn. Àwọn òyìnbó ń kọ́ ilé onígíláàsì fún irú iṣẹ́ yìí nítorí òtútù. Èyí tí wọ́n parí ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1848 ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni à ń sá fún níhìn-ín, nítorí náà imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi bo òrùlé ti tó wa. Ṣùgbọ́n pẹpẹ tí ó wà lábẹ́ òrùlé náà, ọ̀kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo: ó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù.

Àwọn kan yóò ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ti tó. Òótọ́ ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń to tiwọn sí. Ṣùgbọ́n àwa tí ẹ̀yìnkùlé jẹ́ oko wa, adìẹ aládùúgbò wà níbẹ̀, ikán wà níbẹ̀, omi sì ń dúró síbẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹni tí ó ti fi wákàtí mẹ́jọ dúró nídìí ẹ̀rọ, tàbí tí ó ti wakọ̀ láti Ẹdẹ dé Èkó, kò tún yẹ kí ó máa tẹ̀ ba láti fa koríko inú ọ̀rá. Pẹpẹ tí ó ga dé ìbàdí ń gba ẹ̀yìn là.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Ọ̀rá tí a ń lò fún kòkó, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10, bí a bá rọ iyẹ̀pẹ̀ kún un tí a sì bomi rin ín, ó tó kílò 1 àbọ̀. Ó dà bí ẹni pé kò wúwo. Ṣùgbọ́n pẹpẹ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, bí a bá fi íǹṣì 4 sílẹ̀ fún ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, yóò gba ọ̀rá 144. Ìyẹn jẹ́ kílò 216. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni ẹ gbé ka orí pákó yẹn, yóò sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru fún bí oṣù márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo ewé méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n ń kan pẹpẹ fún ewé. Iyẹ̀pẹ̀ tútù ni kí ẹ kàn án fún.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ èyí jù mí lọ. Ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù kì í já sípíríǹgì ní gáréèjì, orí òkè ní ọ̀nà jíjìn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹpẹ. Bí a bá gbin kòkó sínú ọ̀rá ní oṣù Kejìlá, a ó gbé e lọ sí oko nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, ní oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà. Bí pẹpẹ bá wó ní oṣù Kẹta, kò sí àyè mọ́ láti tọ́ òmíràn kí òjò ó tó dé. Ọdún kan ti lọ nìyẹn. Ẹ sì rántí pé bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 10 sí àárín igi kan àti èkejì, éékà kan ń gba igi bí 435. Pẹpẹ mẹ́ta péré ni ó ru gbogbo oko éékà kan.

Nítorí náà, ẹ fi ẹsẹ̀ méjìméjì sí ìdí kan, ẹ sì má jẹ́ kí ìdí kan jìnnà sí èkejì ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Pẹpẹ ẹsẹ̀ bàtà 8 yóò ní ẹsẹ̀ 6. Ẹ kan igi ní ìdábùú láti orí ẹsẹ̀ kan dé ìdí èkejì kí ó má baà máa mì. Ẹ má ri ẹsẹ̀ náà mọ́ ilẹ̀, ẹ gbé e ka orí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù, kí ẹ lè rí ikán bí ó bá ń gòkè bọ̀. Ẹ fi àlàfo tí ó tó ìka kan sí àárín pákó kan àti èkejì kí omi lè ro dànù. Bí ẹ bá fẹ́ pẹpẹ alákòókọ̀, ẹ ṣe é bí àtẹ̀gùn, kí tòkè má baà ṣíji bo tìsàlẹ̀.

Ní ti igi, ìrókò àti apá ni ikán kì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n. Arere dínwó, kò sì lọ́jọ́ lórí. Ọparun dára bí ó bá ti gbó tó ọdún mẹ́ta kí a tó gé e, tí a sì rì í sómi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí kòkòrò má baà lu ú. Bí ó bá kan ilẹ̀, kì í sábà ju ọdún kan sí mẹ́ta lọ.

Mo ní ìkìlọ̀ mẹ́ta fún yín gẹ́gẹ́ bí aṣojú yín. Èkíní, pálẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́. Bí lẹ́tà MB bá wà lára rẹ̀, òógùn olóró methyl bromide ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. HT ni kí ẹ wá, iná ni wọ́n fi tọ́jú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó rí, ẹ má gbé e kọjá géètì láìsí ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ lè bá yín jà fún owó oṣù, ó ṣòro fún wa láti jà fún ẹni tí a mú pálẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, ògbólógbòó asbestos tí a tú lára òrùlé. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ láti fi ṣe ojú pẹpẹ. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn rẹ̀ tó farahàn.

Ẹ̀kẹta, ọ́ìlì tí a tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, tí a ń fi lé ikán. Ó ń ba awọ ara jẹ́, ó sì ń ba iyẹ̀pẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kùn ún, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ibi tí ọ̀rá wà.

Ìparí ọ̀rọ̀ mi nìyí. Kí ẹ tó to ọmọ kòkó kan sórí pẹpẹ, ẹ pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́sàn-án, ẹ tò wọ́n sórí rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kílò 225 nìyẹn. Kí ọmọdé kankan má ṣeré lábẹ́ rẹ̀ ní òru yẹn. Bí pákó bá tẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ mìíràn tì í. Omi ni yóò dà sílẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan.

Káfíńtà mẹ́ta wà nínú ẹ̀ka yìí. Ẹ jẹ́ kí a dá owó igi jọ, kí a rà á pọ̀, kí a sì máa kan án fún ara wa ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó dìde.